CA-125 ga nínú ẹ̀jẹ̀, ṣé jẹjẹrẹ ni? Àlàyé fún obìnrin tí wọ́n bá kókó olómi nínú ilé ẹyin rẹ̀

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí oorun kun ojú ọ̀pọ̀ obìnrin lóde òní. Obìnrin á lọ ṣe àyẹ̀wò ní láàbù, bóyá torí pé ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, bóyá torí pé ó ń wá ọmọ, tàbí torí pé wọ́n ní kí ó fi owó díẹ̀ kún un kí wọ́n lè bá a yẹ gbogbo ara wò. Wọ́n á fún un ní ìwé. Lábẹ́ ìwé yẹn, ìlà kan á wà tí wọ́n kọ CA-125 sí, nọ́ńbà kan á tẹ̀ lé e, bíi 68 tàbí 140, lẹ́tà H gàdàgbà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn á sì kọ "0–35" sí ìpẹ̀kun ìlà láti fi hàn pé ibẹ̀ ló yẹ kó mọ. Á tẹ CA-125 sórí Google. Ohun àkọ́kọ́ tí á jáde ni jẹjẹrẹ ilé ẹyin.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò ní lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹbí á bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Àwọn kan á ti máa wá owó iṣẹ́ abẹ kiri kí dókítà kankan tó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí obìnrin náà bá ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ohun tó sábà máa ń wà nídìí nọ́ńbà yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó lè jẹ́ kókó olómi lásán, ó lè jẹ́ ìju, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé inú ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ gan-an ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Kí ni CA-125 gan-an?

Purotéènì kan ni, tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ṣe kòkòrò àrùn. Ó wà lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn wa, èyí tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti èyí tó bo ọkàn. Ó wà nínú ilé ọmọ, ó sì wà nínú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko pàápàá. Bí nǹkan kan bá wá ń yọ àwọn awọ yẹn lẹ́nu, tó mú wọn wú, tó ta ẹ̀jẹ̀ sí wọn tàbí tó mú omi jọ sídìí wọn, èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Bast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ohun tí wọ́n fi ń dá purotéènì yìí mọ̀, lọ́dún 1981. Nọ́ńbà 125 tó wà nínú orúkọ náà kì í ṣe òṣùwọ̀n kankan o. Nọ́ńbà tí wọ́n fún un láàrin ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí wọ́n ń dán wò ní láàbù ni. Lọ́dún 1983 wọ́n gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 888 tí ara wọn yá wò, wọ́n sì rí i pé ẹyọ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ló kọjá 35. Wọ́n yẹ ti obìnrin 101 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n sì ti mọ̀ dájú pé jẹjẹrẹ ilé ẹyin ló ń ṣe wọ́n, 83 nínú wọn kọjá 35. Ibẹ̀ ni ààlà 35 tó wà lórí ìwé láàbù títí dòní ti wá.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n ní jẹjẹrẹ ni wọ́n fi wé àwọn tí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohun tí àyẹ̀wò náà sì wúlò fún jù nígbà náà ni láti mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́: bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà á máa lọ sílẹ̀, bí àrùn bá ń padà bọ̀, á tún máa gòkè. Iṣẹ́ yẹn, ó mọ̀ ọ́n ṣe títí dòní. Iṣẹ́ tí àwọn láàbù kan wá gbé lé e lórí nísinsìnyí, pé kó sọ fún obìnrin tó kàn wọlé láti ìta bóyá ó ní jẹjẹrẹ tàbí kò ní, kò gbà á.

Ajá tí a so mọ́ ẹnu ọ̀nà máa ń gbó olè. Ó tún máa ń gbó àlejò, ó máa ń gbó ewúrẹ́ aládùúgbò, ó máa ń gbó ẹni tó ń kiri búrẹ́dì kọjá lọ. Tó bá gbó, ó yẹ ká jáde lọ wo ohun tó rí. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ajá gbó ká yìnbọn sínú òkùnkùn. Bí CA-125 ṣe rí gan-an nìyẹn. Síkáànì àti dókítà tó mọṣẹ́ ni kó jáde lọ wò ó.

Kókó olómi inú ilé ẹyin: ṣé àìsàn ni?

Obìnrin ní ilé ẹyin méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Lóṣooṣù, àpò kékeré kan tó ní omi nínú máa ń dàgbà nínú ọ̀kan lára wọn, inú rẹ̀ ni ẹyin wà. Tí àpò náà bá ti fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, á bẹ́, ẹyin á sì jáde. Èyí túmọ̀ sí pé obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tó lọ ṣe síkáànì láàrin oṣù, lè ní àpò omi sẹ̀ǹtímítà méjì nínú ilé ẹyin rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Nígbà mìíràn àpò náà ò ní bẹ́, á máa fẹ̀ sí i. Nígbà mìíràn á bẹ́ tán, á tún padà dí, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ á sì kún inú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n kọ ní ovarian cyst sínú ìwé síkáànì kò ju èyí lọ. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàrin oṣù méjì sí mẹ́ta. Ìlànà àwọn dókítà àìsàn obìnrin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé bí obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù bá ní kókó tí omi lásán wà nínú rẹ̀, tí kò sì tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kò sábà nílò kí wọ́n máa ṣọ́ ọ rárá. Wọ́n tilẹ̀ ní kò sí ìdí láti yẹ CA-125 rẹ̀ wò.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Nítorí pé irú kókó yìí ń gbẹ fúnra rẹ̀, ohunkóhun tí obìnrin bá lò láàrin oṣù mẹ́ta náà ló máa gba ìyìn. Tó bá mu àgbo, àgbo ló wò ó. Tó bá ra oògùn tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp, wọ́n á ní òun ló tú u ká. Kódà oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí àwọn dókítà kan ti ń kọ fún un tipẹ́, ìwádìí ti fi hàn pé kì í jẹ́ kó tètè gbẹ ju bó ṣe máa gbẹ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú owó rẹ̀, kó dúró, kó sì padà lọ ṣe síkáànì nígbà tí dókítà bá dá fún un.

Kókó olómi mìíràn kì í gbẹ, síbẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn ènìyàn wa jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní dermoid. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, wọ́n lè bá irun nínú rẹ̀, wọ́n lè bá ọ̀rá, wọ́n tilẹ̀ lè bá eyín. Mo mọ̀ pé tí ìyá ọkọ bá rí irun àti eyín nínú ohun tí wọ́n yọ jáde lára aya ọmọ rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ aráyé ni. Kì í ṣe aráyé. Ẹyin obìnrin ní agbára láti di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara, nítorí inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń wá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà níbi tí kò yẹ, awọ, irun àti eyín ló máa hù. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin, wọ́n á yọ ọ́, obìnrin náà á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ.

Báwo ni ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ṣe ń gbé nọ́ńbà náà sókè?

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń gbé e sókè ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní endometriosis. Nínú àìsàn yìí, irú ẹran ara tó wà nínú ilé ọmọ, èyí tó ń ya jáde gẹ́gẹ́ bí nǹkan oṣù, lọ ń hù síta ilé ọmọ: lára ilé ẹyin, lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun. Bí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á ta ẹ̀jẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn máa gbà jáde. Tó bá jẹ́ inú ilé ẹyin ló wà, ẹ̀jẹ̀ náà á máa jọ síbẹ̀ lóṣù dé oṣù, á dúdú, á sì ki, títí yóò fi di kókó.

Ọ̀nà méjì ni irú kókó yìí ń gbà gbé CA-125 sókè. Lọ́nà kìíní, ẹran ara tó kọ́ ọ fúnra rẹ̀ ń ṣe CA-125, gẹ́gẹ́ bí ilé ọmọ ṣe ń ṣe é. Lọ́nà kejì, ẹ̀jẹ̀ tó ń jò lára rẹ̀ ń ta awọ inú ikùn, awọ náà sì ń tú CA-125 tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí obìnrin tó ní endometriosis fi lè rí 60, tàbí 120, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kókó náà bá bẹ́ sínú ikùn, nọ́ńbà náà lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàrin ọjọ́ díẹ̀, kó sì jẹ́ pé jẹjẹrẹ ò sí níbẹ̀ rárá. Àmì tó sábà máa ń bá a rìn ni kí nǹkan oṣù máa dun obìnrin débi pé kò lè dìde, kí ìbálòpọ̀ máa dùn ún, kí oyún máa pẹ́ kó tó dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n ti sọ fún pé bí nǹkan oṣù ṣe ń rí fún gbogbo obìnrin nìyẹn, tí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ ìrora náà mọ́ra. Ó máa ń dùn mí nítorí pé wọn ì bá ti rí ìtọ́jú.

Kókó olómi lásán náà lè gbé e sókè tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú rẹ̀, tó bá bẹ́, tàbí tó bá lọ́ mọ́ra rẹ̀. Kókó líle kan tún wà tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, fibroma ni orúkọ rẹ̀, inú ilé ẹyin ni ó ń hù sí. Ní ìgbà díẹ̀, ó máa ń mú omi jọ sínú ikùn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, CA-125 á sì fò sókè. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní jẹjẹrẹ tó ti ràn ni: ikùn wú, èémí ò délẹ̀, kókó wà, nọ́ńbà ga. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Joe Meigs, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1937. Bí wọ́n bá ti yọ kókó náà, omi á gbẹ, ara á sì yá.

Kí ló tún ń gbé e sókè tí kò tiẹ̀ sí nínú ilé ẹyin?

Nǹkan oṣù fúnra rẹ̀ ń gbé e sókè, torí náà kò dára kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò CA-125 lásìkò náà. Oyún tuntun ń gbé e sókè, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìju, tí dókítà ń pè ní fibroid, lè gbé e sókè, èyí sì kàn wá gan-an: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Washington, tó jáde lọ́dún 2003, fi hàn pé kí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó pé ọdún 50, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí yóò ti ní ìju, kódà bí wọn ò mọ̀. Àrùn tó bá ran ilé ọmọ àti ọ̀nà ẹyin ń gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ abẹ inú ikùn tí kò tíì pẹ́, àìsàn ọkàn tó ń mú ẹsẹ̀ wú, àti àìsàn ẹ̀dọ̀ tó ń mú omi jọ sínú ikùn. Ọkùnrin tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, tí omi kún ikùn rẹ̀, máa ń ní CA-125 tó ga gan-an, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ò ní ilé ẹyin.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà ní Nàìjíríà fi sọ́kàn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí a ń pè ní TB, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń bá jà. Ó lè wọ inú ikùn, kó bo awọ inú ikùn, kó mú omi jọ, kó mú obìnrin rù, kó sì gbé CA-125 dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Síkáànì pàápàá lè ṣi í mú fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin tó ti ràn. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí TB ti pọ̀, ó yẹ kí dókítà rántí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé obìnrin lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ńlá. Oògùn oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà fi ń wò ó.

Ṣé bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ewu ṣe pọ̀ tó?

Rárá, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà sì nìyí. Nọ́ńbà nìkan kò tó. Ọjọ́ orí obìnrin àti ohun tí síkáànì rí ló ń fún un ní ìtumọ̀.

Lọ́dún 1990, dókítà Ian Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìṣirò kan jáde tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń lò. Wọ́n á kọ́kọ́ wo síkáànì fún nǹkan márùn-ún: bóyá kókó náà pín sí yàrá-yàrá, bóyá ibì kan nínú rẹ̀ le gbagidi, bóyá ìhà méjèèjì ló wà, bóyá omi wà nínú ikùn, àti bóyá ó ti ràn dé ibòmíràn. Tí wọn ò bá rí ìkankan, wọ́n á fún un ní 0. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, 1. Tó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 3. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù á gba 1, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró á gba 3. Wọ́n á wá fi nọ́ńbà méjèèjì yìí ṣe ìsọdipúpọ̀ CA-125. Bí èsì bá kọjá 200, ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa jẹjẹrẹ obìnrin ló yẹ kó lọ.

Ká ní ọmọbìnrin ọdún 31 kan ní CA-125 tó jẹ́ 140. Síkáànì rí kókó kan ṣoṣo lápá òsì, ẹ̀jẹ̀ dúdú kún inú rẹ̀, kò sí ibi tó le, kò sí omi nínú ikùn. Ìṣirò rẹ̀ á jẹ́ 0 lọ́nà 1 lọ́nà 140. Èsì rẹ̀ ni 0. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà méjèèjì ni kókó náà wà, 140 ni èsì rẹ̀ á jẹ́, kò tíì dé 200.

Ká wá ní ìyá ọdún 64 kan ní CA-125 tó jẹ́ 48 péré. Lójú ẹbí rẹ̀, 48 kò jìnnà sí 35, kò sì ní ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n síkáànì rí kókó tó pín sí yàrá-yàrá, ibì kan nínú rẹ̀ sì le. Ìṣirò tirẹ̀ jẹ́ 3 lọ́nà 3 lọ́nà 48. Èsì rẹ̀ ni 432. Ìyá tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré yìí ló yẹ kí wọ́n sáré gbé lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ jẹjẹrẹ. Ọmọbìnrin tí nọ́ńbà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lè jókòó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní sùúrù.

Ìṣirò yìí náà kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Àwọn dókítà mìíràn ń lo ìlànà tó dá lórí síkáànì nìkan, wọn kì í tiẹ̀ béèrè CA-125. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹni tó ń wo síkáànì náà mọ ohun tó ń wò.

Bí nọ́ńbà bá wà ní ìsàlẹ̀ 35 ńkọ́?

Kò túmọ̀ sí pé ewu ò sí. Nígbà tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì kúrò nínú ilé ẹyin, bí ìdajì àwọn obìnrin tó ní in ni CA-125 wọn kò ní ga. Obìnrin tí síkáànì rẹ̀ kò dára kò gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà 20 tu ara rẹ̀ nínú.

Kí ló dé tí a ò kúkú máa yẹ gbogbo obìnrin wò lọ́dọọdún?

Àwọn tó mọṣẹ́ ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 78,000 jọ, àwọn ọlọ́jọ́ orí 55 sí 74. Wọ́n fi CA-125 àti síkáànì yẹ apá kan wọn wò lọ́dọọdún, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ fún ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2011, jẹjẹrẹ ilé ẹyin kò pa àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò dín ju àwọn yòókù lọ. Ní ìhà kejì, obìnrin 3,285 ni àyẹ̀wò náà sọ fún pé nǹkan wà níbi tí nǹkan ò sí. 1,080 nínú wọn ló ti gba abẹ. 163 nínú àwọn tí wọ́n là láìnídìí yìí sì ní ìṣòro ńlá látàrí iṣẹ́ abẹ náà.

Ní England, Wales àti Northern Ireland, wọ́n ṣe èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 200,000. Èsì ìkẹyìn jáde lọ́dún 2021. Wọ́n tètè rí jẹjẹrẹ lára àwọn kan, ṣùgbọ́n iye àwọn tó kú kò dín kù. Kí èsì yẹn tó jáde, lọ́dún 2016, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, ti kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má gbára lé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ láti fi wá jẹjẹrẹ ilé ẹyin.

Ìdí rèé tí inú mi kì í fi dùn nígbà tí láàbù bá ń ta CA-125 mọ́ àyẹ̀wò gbogbo ara fún obìnrin tí kò sí ohun tó ń ṣe é. Owó rẹ̀ ló ń lọ, ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ ló ń lọ, nígbà mìíràn ilé ẹyin rẹ̀ náà á sì bá a lọ. Obìnrin tí wọ́n yọ ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, nǹkan oṣù rẹ̀ á dáwọ́ dúró lójijì, kò ní lè fi ẹyin ara rẹ̀ lóyún mọ́, egungun rẹ̀ á sì tètè di ẹlẹgẹ́. Kì í ṣe ohun tí a ń ṣe nítorí lẹ́tà H.

Àwọn orúkọ mìíràn tó ń wà lórí ìwé náà ńkọ́?

CA 19-9 ni wọ́n sábà ń lò fún jẹjẹrẹ inú ikùn lápá òkè, ààlà tirẹ̀ sì jẹ́ 37. Dermoid, kókó onírun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, máa ń gbé e sókè dáadáa, endometriosis náà sì lè gbé e sókè. Àwọn ènìyàn kan tún wà tí ara wọn kì í ṣe CA 19-9 rárá nítorí irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ wọn, wọ́n sì pọ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú ju láàrin òyìnbó lọ. HE4 jẹ́ tuntun díẹ̀, kì í sì í sábà ga nítorí endometriosis, torí náà ó lè ran dókítà lọ́wọ́ láti fìyàtọ̀ sáàrin endometriosis àti jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àìsàn kídìnrín ń gbé òun náà sókè.

AFP, hCG àti LDH, tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ bákan náà, yàtọ̀. Bí ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún bá ní kókó tó le nínú, ó tọ́ kí dókítà béèrè fún wọn, nítorí irú jẹjẹrẹ ilé ẹyin tó máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ń wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú pé kò lóyún, nítorí oyún ń gbé AFP àti hCG sókè.

Ìgbà wo ló yẹ ká sáré?

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tí CA-125 rẹ̀ sì ga, kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, bí kò tilẹ̀ ga púpọ̀. Nǹkan oṣù ò sí níbẹ̀ mọ́ tí à bá ní òun ló fà á, endometriosis náà sì ti sábà rọlẹ̀. Bákan náà ni obìnrin tí ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin tàbí ti ọmú. Kí ó sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó bi í.

Ikùn tó wú tí kì í fà mọ́, kí oúnjẹ díẹ̀ máa yára yó ènìyàn, kí ìsàlẹ̀ ikùn máa dunni, kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ènìyàn ní gbogbo ìgbà: tí èyíkéyìí nínú wọn bá ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù, tí kì í sì í ṣe bí ara ṣe ń rí tẹ́lẹ̀, kí obìnrin lọ ṣe síkáànì. Ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n ti fi gbogbo rẹ̀ sórí ọgbẹ́ inú àti jẹ̀díjẹ̀dí títí ó fi pẹ́ jù.

Èyí tí kò gba ìdúró títí di ọ̀la ni ìrora òjijì tó mú lápá kan ikùn nísàlẹ̀, tó ń bá èébì rìn, lára ẹni tó mọ̀ pé òun ní kókó olómi. Ilé ẹyin lè ti lọ́ mọ́ra rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má lè dé ibẹ̀ mọ́. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka ìyẹn. Bí wọ́n bá tètè tú u, ilé ẹyin náà lè yè.

Kí ni ká bi dókítà?

Ẹ bi í pé: ọjọ́ wo nínú oṣù mi ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yìí? Irú kókó wo ni síkáànì rí, ṣé omi lásán ló wà nínú rẹ̀ àbí ibì kan le? Ṣé a lè dúró oṣù mẹ́ta ká tún un wò? Bó bá ní abẹ ló kàn, ẹ bi í bóyá kókó nìkan ló fẹ́ yọ tàbí gbogbo ilé ẹyin, àti ìdí rẹ̀. Kò sí ìwà àìlọ́wọ̀ nínú ìbéèrè yìí, ara yín ni.

Bí síkáànì bá ti fi hàn pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là yín ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò. Kókó tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tú sínú ikùn nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́, torí ó lè tan àrùn náà ká. Ilé ìwòsàn fásitì bíi UCH n'Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ.

Bí dókítà bá sì ní kí ẹ tún CA-125 ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan, láàbù tí ẹ ti ṣe ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ padà sí, nítorí ẹ̀rọ láàbù méjì lè fún ẹ̀jẹ̀ kan náà ní nọ́ńbà tó yàtọ̀ síra. Ẹ lọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti parí, kí ẹ sì mú ìwé ti àtẹ̀yìnwá àti fọ́tò síkáànì dání.